Òpó Tí O Rì Sílẹ̀ Onílẹ̀

Sàlíù, Àkànní ọmọ mi,

Mo kí ẹ ní kíkí àlàáfíà, mo sì kí àwọn tó gbà ẹ́ sílé níbẹ̀, àwọn tí mo mọ̀ àti àwọn tí mi ò mọ̀. Ìyá ẹ kí ẹ. Rábì ìyàwó ẹ náà ní kí n kí ẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣe ló fajú ro nígbà tó ń sọ ọ́.

Ìyá ẹ ní kí ni mo tún ń kọ lẹ́tà sí, ṣebí fóònù wà. Mo ní kó fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Fóònù tó jẹ́ pé nígbà mìíràn ìwọ lò ń dáhùn, nígbà mìíràn mi ò mọ ẹni tó ń dáhùn, èmi kò ní fi irú ẹ̀ rán ọ̀rọ̀ tó tó báyìí. Awakọ̀ tó ń kó iṣu wá láti ọ̀dọ̀ yín ni yóò mú un dé ọ̀dọ̀ ẹ. Jọ̀ọ́, kà á tán. Má ṣe kà á bí o ṣe máa ń ka ìwé àwọn iléeṣẹ́ yẹn, tí wàá wo òkè, wàá wo ìsàlẹ̀, wàá sì fọwọ́ sí i.

Nígbà tí wọ́n gbà ẹ́ síṣẹ́ tuntun yìí, tí wọ́n ní ìwọ ni yóò jẹ́ ọ̀gá oko ńlá tí wọ́n ń ṣí lọ́hùn-ún, inú mi dùn débi pé mo pín búrẹ́dì fún gbogbo àwọn tó múlé tì mí lójú Táíwò Road. Láàárọ̀ ọjọ́ tí o ń lọ, ohun kan ṣoṣo ni mo sọ fún ẹ. Mo ní, kí o tó ri ohunkóhun mọ́lẹ̀ níbẹ̀, ìbáà jẹ́ igi tí wọ́n ń sá aṣọ sí, pe onílẹ̀ kó bá ẹ dì í mú, kí o sì kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún un. O rẹ́rìn-ín. O ní, "Bàbá, ìwé ilẹ̀ ti wà nílẹ̀, ayé ti là." Èmi náà bá ẹ rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí n dì ẹ́ ní aṣọ mú.

Wàyí o, Rábì bímọ, o ò wá. A ṣe súná, a sọ ọmọ lórúkọ, o ò wá. Iléyá dé, a pa àgbò, a gbé itan sílẹ̀ dè ẹ́ títí ìyá ẹ fi fi se ọbẹ̀ pẹ̀lú ìbínú. Mo ní iṣẹ́ ni, ọkùnrin tó ń wá nǹkan kọ́ ni à ń bú. Àfi Jímọ̀ tó kọjá tí mo pè ẹ́. O ní, "Ẹ gbé ọmọ náà wá síbí kí àwọn èèyàn mi rí i." Kí n tó lanu, o tún ní, "Kí ni ẹ máa mú wá?"

Háà! Sàlíù! Mo mọ ohùn ẹ láti ìgbà tí o ti ń sunkún ọmú. Ohùn yẹn kì í ṣe tìẹ. Lẹ́yìn ohùn náà, mo gbọ́ tí ẹṣin yán. Mo bi awakọ̀ oníṣu nígbà tó dé bóyá ẹṣin wà ní abúlé yín. Ó ní rárá, kò sí. Ó ní àmọ́ lọ́sàn-án, bí òun bá ti ń kọjá, ìwọ lòun máa ń rí lórí àga lábẹ́ igi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó pátákó iléeṣẹ́ yín, tí o kọjú sí ọ̀nà Ìlọrin, tí iṣu wà lẹ́sẹ̀ ẹ. Ilẹ̀ ni mo jókòó sí.

Nítorí náà, jẹ́ kí n sọ ohun tí ó yẹ kí n ti sọ kó tó di pé o wọ mọ́tò.

Àwa ará ilé wa, ọba kan wà tí a kì í dárúkọ. Bàbá Ẹlẹ́ṣin là ń pè é, kí ìwọ náà máa pè é bẹ́ẹ̀. Ìlú kékeré kan ló jẹ lé lórí láyé àtijọ́, lọ́nà ibi tí oòrùn ti ń yọ, ìlú tó jẹ́ pé ìyàwó lè dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ kó pe ọkọ ẹ̀ ní òpin ẹ̀, kí ìyẹn sì jẹ́ ẹ. Ó ní kíkéré ìlú náà ń ti òun lójú. Ló bá gun ẹṣin. Àwọn ọba mìíràn, bí wọ́n bá ṣẹ́gun, wọ́n á jó ilé, wọ́n á kó ẹrú. Bàbá Ẹlẹ́ṣin kì í jó ilé ẹnikẹ́ni. Ọ̀sán gangan ló ń wọ ìlú, nígbà tí oòrùn bá wà ní àtàrí tí ènìyàn kò ní òjìji. Á gun ẹṣin wọ àárín ọjà, kò ní kí ẹnikẹ́ni, á gún ọ̀kọ̀ ẹ̀ mọ́lẹ̀, á sì yan ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀ kó jókòó tì í. Ajẹ́lẹ̀ nìyẹn, ojú ọba àti ọwọ́ ọba ní ìlú tí wọ́n gbà. Ohun tó ń sọ fún wọn kò pọ̀. Á ní, "Má kọ́kọ́ kí àwọn ará ìlú. Bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ ẹ, bi wọ́n ní ohun tí wọ́n mú wá. Má padà wálé títí n ó fi wá mú ẹ." Kò sì padà lọ mú ẹnì kankan rí.

Bí ìlú ṣe ń pọ̀ sí i lọ́wọ́ ẹ̀ ni ọmọ ń tán nílé ẹ̀. Wọ́n ní nígbà tó yá, ààfin dá wáí, àwọn ìyá nìkan ló kù níbẹ̀, tí wọ́n ń sunkún ọmọ tí kò kú. Ó wá ku àbíkẹ́yìn. Bàbá Ẹlẹ́ṣin ní kó múra. Ọmọ náà sá, Ìlọrin ló sá wá. Nígbà tó dé, kò bèèrè àga. Ó dojú bolẹ̀ níwájú ẹni tó kọ́kọ́ bá lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ gbà mí, ẹ fi mí ṣe àlejò yín." Wọ́n gbà á, wọ́n fún un ní ibi tó máa sùn, wọ́n kọ́ ọ ní kéú, wọ́n fún un níyàwó. Òun ni baba ńlá wa. Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ la ń jẹ́ ọmọ ẹ̀, kì í ṣe ẹni tó gun ẹṣin.

Bàbá Ẹlẹ́ṣin fúnra ẹ̀ ńkọ́? Ó gun ẹṣin jáde lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní ilẹ̀ ṣì kù. Ẹnikẹ́ni kò gbé òkú ẹ̀ wálé, wọn kò sì rí ti ẹṣin náà. Àwọn àgbà wa ní ó ṣì ń gba ilẹ̀ lọ, ọmọ tí yóò bá a jókòó ti ọ̀kọ̀ ẹ̀ ló ń wá. Mo mọ̀ pé wàá yínmú. Mo ti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Àlùfáà wa. Ó ní Ọlọ́hun nìkan ló ni ilẹ̀, òkú kan kì í gba ilẹ̀ kiri. Mo ní àmín. Mo ti ń wọ bàtà mi nígbà tó rọra pè mí padà, ó ní, "Àmọ́ Àlájì, ẹ ní kó dọ̀bálẹ̀ fún wọn o."

Èkíní nìyẹn, ọmọ mi: ẹni tó bá dé ló ń kí ẹni tó bá nílé. Láti kékeré ni o ti máa ń wọ yàrá tí wàá dúró gbọnin kí wọ́n kọ́kọ́ kí ẹ. Ìyá ẹ ní ọ̀wọ̀ ara ẹni ni. Èmi kò fẹ́ràn ẹ̀ nígbà yẹn, mi ò sì fẹ́ràn ẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Jí láàárọ̀, kí o lọ láti ilé dé ilé, kí o kí wọn. Kí ọmọdé wọn. Bí ewúrẹ́ wọn bá wò ẹ́, kí i.

O ò mọ Ràímì ẹ̀gbọ́n mi, kí a tó bí ẹ ló ti lọ. Iṣẹ́ pákó ló ń ṣe. Ọkùnrin aláwàdà ni, tó bá ń sọ̀rọ̀, àwọn obìnrin á gbàgbé ọbẹ̀ lórí iná. Ó lọ ṣí ibi tí wọ́n ti ń la pákó sí abúlé kan, ó ri òpó mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà abúlé láti fi ṣe àmì, kò pe ẹnikẹ́ni. Bó ṣe di pé kò wálé mọ́ nìyẹn. Ìyá wa ní kí n lọ wò ó.

Mo débẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ni pé ariwo kò sí. Ọmọdé wà níta, adìẹ wà, ajá wà, gbogbo wọn panu mọ́. Ràímì jókòó sórí àga lábẹ́ igi, òpó ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mo sáré sí i, mo ń pariwo, "Bùọ̀dá mi! Bùọ̀dá mi!" Kò dìde. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, "Kí lo mú wá?"

Mo rò pé àwàdà ẹ̀ náà ni. Mo ní wàrà ni ìyá wa fi rán mi sí i. Ó nawọ́ gbà á, ó gbé e sí àárín àwọn iṣu tó wà nílẹ̀, kò tú u wò. Ràímì o! Ràímì tó máa ń jí wàrà jẹ nínú ìkòkò tí ìyá wa á fi lé e yí kànga ká! Bí mo ṣe dúró níbẹ̀, obìnrin kan ru iṣu dé, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó sì ń fi ẹ̀yìn rìn lọ, kò fẹ́ kọ ẹ̀yìn sí i. Mo wo ẹ̀yìn àga. Ìgbẹ́ ẹṣin wà níbẹ̀, tútù, èéfín ṣì ń rú lára ẹ̀. Mo wo gbogbo abúlé yíká. Mi ò rí ẹṣin.

Mo fi ọgbọ́n mú un wọ mọ́tò. Mo ní ìyá wa ń ṣàìsàn. À ń lọ, à ń sọ̀rọ̀ ilé, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín, mo ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Ìgbà tí a dé ibi tí ilẹ̀ abúlé náà parí sí, ó ní kí awakọ̀ dúró, òun gbàgbé nǹkan. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń rìn padà, kò yára, kò wẹ̀yìn. Mo pe orúkọ ẹ̀ títí ohùn mi fi há. Kò yíjú.

Mo tẹ̀ lé e padà. Ìyá àgbà kan tó jẹ́ onílẹ̀ níbẹ̀ fà mí sẹ́yìn ilé. Mo fẹ́ bá a jà, mo ní kí ni wọ́n fún ẹ̀gbọ́n mi jẹ. Ó wò mí tàánú-tàánú.

Ó ní, "Ọmọ mi, a ò mú un o. Òun ló mú wa. Wo òpó yẹn. Ẹnu ọ̀nà ló rì í sí nígbà tó dé. A fà á tu, a jù ú sódò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àárín oko ẹ̀gẹ́ mi ló wà. A tún fà á tu, ó tún sún síwájú. Bó bá ti sún, ẹ̀gbọ́n ẹ á gbé àga ẹ̀ tẹ̀ lé e."

Mo ní, "Ìyá, kí la máa ṣe?"

"Kó dọ̀bálẹ̀ fún wa lójú gbogbo èèyàn, kó ní àlejò lòun. Àwa tí a ni ilẹ̀ á wá fà á tu lójú ẹ̀. Yóò tu. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò lè bá a tẹ orí ẹ̀ ba."

Mo sọ fún Ràímì. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sunkún. Ó rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí wọ́n máa ń rín sí ọmọdé. Ó ní, "Kí n dọ̀bálẹ̀ fún àwọn èèyàn mi?" Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà níbẹ̀ títí ó fi kú, ibẹ̀ náà la sì sin ín sí. Bí o bá ka ibojì àwọn ọkùnrin ilé wa, wàá rí i pé wọ́n fọ́n káàkiri, ọ̀kọ̀ọ̀kan nílẹ̀ onílẹ̀. Sàlíù, ìjọba Bàbá Ẹlẹ́ṣin kò tíì parẹ́, ibojì wa ni ààlà ẹ̀.

Èkejì: ẹni tí o ò bí, tí kò bí ẹ, tí ẹ ò jọ ṣe wàhálà pọ̀, má pè é ní èèyàn ẹ. Ará ibí ni kí o máa pè wọ́n. Iṣu tí o ò bá wọn kọ ebè ẹ̀, má jẹ ẹ́. Bí wọ́n bá gbé e wá, bá wọn gbé e padà sílé lórí ara ẹ. Ọ̀gá kì í ru iṣu, àbí? Ru ú.

Wàá ní, "Bàbá mi kàn ń bẹ̀rù ohun tí kò mọ̀ ni." Mo mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ kánópì ní àdúgbò Ṣàngó, wọ́n gbé wa lọ sí ìgbéyàwó ní abúlé kan. Ìyá mi ti kìlọ̀ fún mi, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ọ̀gá mi rí i pé ọwọ́ mi yá. Mo mú òòlù, mo gbá irin tí a fi ń so okùn mọ́lẹ̀, mi ò wo ọ̀tún, mi ò wo òsì. Nígbà tí a ṣe tán tí wọ́n ní ká máa lọ, mo ní kí wọ́n máa lọ. Mo ti wá àga, mo ti jókòó.

Ohun tí àwọn àgbà wa kò sọ fún wa nìyí, èmi yóò sì sọ ọ́ fún ẹ: ó dùn. Ó dùn, Sàlíù! Ẹ̀yìn mi nà. Gbogbo ènìyàn kúrú lójú mi. Mo gbọ́ pátákò ẹṣin lẹ́yìn mi, tó rọra ń rìn, tó wá dúró, kò sì bà mí lẹ́rù rárá. Ṣe ló dà bí ìgbà tí bàbá ẹni gbé ọwọ́ lé ẹni léjìká. Mi ò rántí ìyá mi. Mi ò rántí pé mo ní ilé. Nítorí náà, bí ara bá ń tù ẹ́ lórí àga yẹn, má rò pé iṣẹ́ ló ń lọ dáadáa.

Ọ̀gá mi kò mọ ìtàn ilé wa, ó kàn mọ ọmọ tó ya ìyàkuyà ni. Ó fi ìgbájú kan là mí, ó di ọrùn mi mú, ó tẹ̀ mí mọ́lẹ̀ níwájú onílé, ó ní kí n tọrọ gáfárà. Bí àyà mi ṣe kan ilẹ̀ ni ẹkún gbọ̀n mí. Mo ń pe ìyá mi bí ọmọ ọwọ́. Onílé fúnra ẹ̀ ló fa irin náà tu. Láti ọjọ́ náà, mi ò so okùn kánópì kan mọ́ ilẹ̀ ẹnikẹ́ni láìpe onílẹ̀, kí n sì dojú bolẹ̀ fún un. Àwọn ọmọ àdúgbò Challenge ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, Àlájì Dọ̀bálẹ̀ ni wọ́n ń pè mí. Kò dùn mí. Ilé ni mò ń sùn.

Mi ò rántí èyí tí mo kà dé mọ́, bóyá ẹ̀kẹta ni. Iléeṣẹ́ yín lè ní kí o tún sún ààlà oko síwájú nígbà òjò tó ń bọ̀. Àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Bí wọ́n bá ní tí o ò bá ṣe é, wọ́n á lé ẹ, kí wọ́n lé ẹ. Irin kánópì wà nílé, èjìká ẹ ṣì le, wàá máa bá mi gbé e.

Ti Rábì: kò ní gbé ọmọ wá. Má bínú sí i, èmi ni mo ní kò gbọ́dọ̀ wá. Ọkùnrin ni ọmọ náà, Bàbá Ẹlẹ́ṣin kò sì gbọ́dọ̀ mọ ojú ẹ̀. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ìwọ ni wàá wá bá ọmọ ẹ.

Àlàmísì tó ń bọ̀, mo ń bọ̀ níbẹ̀. Mi ò ní yà sọ́dọ̀ ẹ. Ọ̀dọ̀ onílẹ̀ ni n ó kọ́kọ́ lọ. Awakọ̀ ní ọ̀dọ́ ni baálé ibẹ̀, pé mo lè bí i lọ́mọ. N ó dojú bolẹ̀ fún un pẹ̀lú irùngbọ̀n funfun yìí, pẹ̀lú eékún tó ń ro mí yìí, nínú aṣọ Jímọ̀ mi, lójú ẹ. Ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà yẹn ti sọ ọ́: èmi kò lè tẹ orí ẹ ba. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n wà nílẹ̀ kí o tó débẹ̀, kí o má baà dá nìkan wà níbẹ̀. Wá dùbúlẹ̀ tì mí. Ká jọ ní kí wọ́n fà á tu, ká jọ wọ mọ́tò, n ó sì di ọwọ́ ẹ mú títí a ó fi kọjá ibi tí ilẹ̀ wọn parí sí. Bí o bá ní o gbàgbé nǹkan, o ò gbàgbé nǹkan kan.

Ó ku ohun kan tí mi ò sọ fún ìyá ẹ, tí mi ò sì lè sọ lójú Rábì. Láti ọjọ́ súná ni o ti ń bèèrè ọmọ yìí lọ́wọ́ mi. O bèèrè bóyá ọkùnrin ni lóòótọ́. O bèèrè bóyá egungun ẹ̀ le. O bèèrè ìgbà tí yóò lè jókòó. O ò bèèrè orúkọ ẹ̀ rí.

A ti sọ ọ́ lórúkọ, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí a bá pè é. Mi ò ní kọ ọ́ síbí. Àkànní, kí n tó wọ mọ́tò láàárọ̀ Àlàmísì, pè mí, kí o ní, "Bàbá, kí ni orúkọ ọmọ mi?" Mi ò ní bá ẹ sọ ohun mìíràn, mi ò ní bá ẹ jà. N ó ṣáà ti mọ̀ pé ìwọ ni mò ń bọ̀ wá mú.

Èmi ni,
Bàbá ẹ.